Ọmọ tó farapa ní sítúdíò wa l'Ákùúrẹ́, àti tíṣà ijó tí mi ò kọ́

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fẹ́ kọ eléyìí, ojú ló kàn ń tì mí. Àwọn òbí máa ń bi wá pé àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níjó yìí, níbo làwọn fúnra wọn ti kọ́ ọ. Ìbéèrè yẹn tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo àwa tá a ní sítúdíò lè dáhùn ẹ̀ láìwolẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi èmi ní 2022, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè sọ. Torí náà mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni torí pé ọmọ náà ṣì ń lọ sílé ìwé nínú ìlú yìí, tíṣà náà sì ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Sítúdíò wa ò tóbi o. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lápá Ìjàpọ̀ níbí, yàrá kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24 sí 20, jígí ńlá mẹ́ta lára ògiri, sípíkà kan, fáànù méjì, táìsì ni gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ṣí i ní 2016. Dramatic Arts ni mo kà n'Ífẹ̀, mo sì ti bá ẹgbẹ́ eléré jó káàkiri kí n tó padà wálé. Èmi ni tíṣà, èmi ni akápò, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2019 àwọn ọmọ ti lé ní 40, àwọn ìyàwó tó fẹ́ kọ́ ijó ọjọ́ ìgbéyàwó náà tún ń ya wá, apá mi ò ká a mọ́.

Ọmọkùnrin tí mò ń sọ yìí dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Ìyá ẹ̀ ń ta ata l'Ọ́jà Ọba, ibẹ̀ ló ti máa ń bọ̀ wá bá mi, ọwọ́ ẹ̀ á ṣì máa ta á nítorí ata rodo. Kò lówó tó máa san, mo ní kó máa wá, kó máa bá mi gbálẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí mọ ijó! Sítẹ́ẹ̀pù tó bá rí lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù, ó ti gbé e nìyẹn. Tó bá ń jó bàtá, ejìká ẹ̀ lẹ máa máa wò tí ẹ máa gbàgbé pé ó lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bí eégún ẹni bá jóore orí a máa yá atọ́kùn ẹ̀, orí mi yá débi pé mi ò rí nǹkan míì mọ́. Ní December 2021 mo gba ìgbéyàwó mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, mo kàn pè é lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní, "Láti Mọ́ńdè, ìwọ ni wàá máa mú àwọn ọmọ kéékèèké." Ó ní, "Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé gan-an." Bó ṣe di tíṣà nìyẹn, lọ́mọ ọdún 19. 1,500 náírà ni mò ń fún un fún kíláàsì kan. Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé, mi ò tiẹ̀ jókòó nínú kíláàsì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí n wo bó ṣe ń ṣe é.

Sátidé kan ni, nínú oṣù karùn-ún 2022. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, àwọn ọmọ pẹ́ dé, aago mẹ́wàá ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti kọjá mẹ́wàá ààbọ̀ kí wọ́n tó pé, ara wọn tutù, aṣọ àwọn mìíràn tiẹ̀ ti rẹ. Wọ́n ń múra ijó òpin ọdún ilé ìwé kan sílẹ̀, ọjọ́ ti súnmọ́. Tíṣà wo aago, ó ní kí wọ́n fò sókè díẹ̀ kí wọ́n bọ́ sórí split, ìyẹn kéèyàn na ẹsẹ̀ kan síwájú, kó na ìkejì sẹ́yìn títí ìdí á fi kanlẹ̀. Yàrá kejì ni mo wà, mò ń bá ìyàwó kan sọ̀rọ̀ owó. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 13, ìgbà yẹn gan-an ló ń ga, ọdún yẹn ni yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ kúrú lójijì. Ìdí ẹ̀ kù bí ìbú ọwọ́ kan kó kanlẹ̀. Tíṣà lọ sẹ́yìn ẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká, ó ní "Mí síta," ó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Àwọn ọmọ tó wà nítòsí ní àwọn gbọ́ "pà", bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Igbe ẹ̀ lèmi gbọ́. Nígbà tí mo fi máa wọlé, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò di orúnkún mú, abẹ́ ìdí ẹ̀ ló di mú, orin ṣì ń lọ lórí sípíkà. Tíṣà dúró sẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè níbi tó ti kúrò léjìká ọmọ, kò lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ọmọ kékeré kan ló lọ pa orin.

A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé ìwòsàn, mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi, gbogbo gọ́tà tá a kọjá ló ń fi í kígbe. Wọ́n ya X-ray. Dókítà gbé e sókè síbi iná, ó fi bírò tọ́ka sí eegun tá a fi ń jókòó. Ó ní ibẹ̀ ni iṣan ńlá ẹ̀yìn itan ti mú, pé lára àgbàlagbà, tí wọ́n bá fipá fà á, iṣan ló máa ń ya, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ibi tí eegun ẹ̀ ti ń ga ò tíì le tán, kérékèré ṣì ni, iṣan wá lágbára ju ibi tó so mọ́ lọ. Tí wọ́n bá fà á, iṣan ò ní já, á ṣí eegun kékeré dání. Ohun tí wọ́n gbọ́ tó dún "pà" nìyẹn. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé eegun náà ò kúrò jìnnà, tó bá jìnnà ni, iṣẹ́ abẹ ni wọn ì bá máa sọ. Ìsinmi ni, ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì sábẹ́ abíyá, lẹ́yìn ìyẹn físíò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi lo ọ̀pá yẹn, ó sì ń lọ físíò títí wọ oṣù kẹwàá. Èmi ni mo san gbogbo ẹ̀, kì í ṣe pé mò ń fi yangàn, gbèsè mi ni.

Ìyá ẹ̀ ò pariwo. Ì bá pariwo ni, ó máa sàn fún mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọ́ọ̀dù, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ta ló kọ́ ọmọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé?" Mo ní, "Mà, òun ló mọ ijó jù lọ́dọ̀ wa." Ó wò mí, ó ní, "Mi ò bi yín bóyá ó mọ ijó."

Gbólóhùn yẹn ló yí ayé mi padà. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ kí wọn nílé. Ìyá ìyá ọmọ ti wá láti Òǹdó, ó jókòó ti ọmọ-ọmọ ẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń pè é ní "ọma mi, ọma mi". Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Màmá ò bínú sí mi, ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni, ó ní nígbà tí àwọn ń ṣe obìtun, ayẹyẹ àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà, ní Òǹdó láyé àwọn, àwọn àgbà obìnrin ló ń kọ́ àwọn ní ijó ẹ̀, wọ́n á máa jó níwájú àwọn, àwọn á máa wò, wọ́n á tún jó, àwọn á tẹ̀ lé e, ọjọ́ lórí ọjọ́. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó fà wá lẹ́sẹ̀. Ijó á wọ ara fúnra ẹ̀." Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ náà lọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ màmá ò pa á lówe, ó kàn ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun.

Mo ti sítúdíò pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà ò gbé fóònù, ìyá ẹ̀ ní ọjà ló wá bá mi pé ọmọ òun ò jẹun, pé ó ní òun ò jó mọ́ láyé òun. Mo lọ bá a nílé wọn n'Ísinkàn. Mo bi í pé ibo ló ti rí i pé wọ́n ń tẹ ọmọ wálẹ̀ báyẹn. Ó ní, "Mà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nínú fídíò." Ó fi hàn mí lóòótọ́, àwọn kóòṣì ìlú òyìnbó kan tí wọ́n ń jókòó lé ọmọ lẹ́yìn, ọmọ ń sunkún, àwọn èèyàn ń fi ọkàn pupa sí i lábẹ́. Ó tún rán mi létí Daniel Ajala tó dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ l'Ájàǹgbàdì, l'Ékòó, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun náà ti kọ́ bálẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀, Anthony Madu, ni wọ́n ya fídíò ẹ̀ ní 2020 níbi tó ti ń jó láìwọ bàtà nínú òjò tí gbogbo ayé fi rí i, tó sì ti ibẹ̀ dé ilé ìwé bálẹ́ẹ̀tì ní Birmingham. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, àwa gbogbo la fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kó tún un wò dáadáa: Ajala ò fi í mọ sórí fídíò, ó wá àwọn tíṣà tó mọṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ ẹ̀ lójúkojú lórí fóònù, tí wọ́n ń sọ pé ká gbé orúnkún sí bí, ká má gbé e sí bẹ́ẹ̀. Fídíò lè fi sítẹ́ẹ̀pù hàn ẹ́, kò lè rí ìdí ọmọ tó wà níwájú ẹ. Mo wá sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé mo gbé ọmọ èèyàn lé e lọ́wọ́ láìkọ́ ọ. Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún.

Kí ẹ má rò pé Akùúrẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ o, tàbí pé ìwà aláìní ni. Royal Academy of Dance tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún lónìí, ní London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1920, ohun tó sì fà á ni pé àwọn tíṣà ijó tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn ò kọ́ni dáadáa, ẹni tó bá ṣáà lè jó ló ń gbé pátákó síwájú ilé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn yẹn ti rí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn.

Ilẹ̀ la kọ́kọ́ ṣe. Táìsì lórí kankéré kì í gba ẹsẹ̀, gbogbo agbára téèyàn fi fò ló máa dá padà sínú eegun, ìdí tí àwọn ọmọ fi máa ń sọ pé "Àǹtí, ojúgun ń dùn mí" nìyẹn, tí èmi á ní kí wọ́n lọ fi róòbù pa á. A gé rọ́bà sí wẹ́wẹ́, a tẹ́ ẹ káàkiri, a wá to plywood 30 lé e, ìpele méjì, èyí òkè dábùú èyí ìsàlẹ̀. Káfíńtà ní òun ò kan ilẹ̀ lórí ilẹ̀ rí. Nígbà tó parí ó fò lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Ó ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́," ó tún fò.

Tíṣà wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ dá mú kíláàsì. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: fún 40 ìṣẹ́jú, kò wo ọmọ tó wà ní ìlà kẹta rárá. Jígí ló ń wò, ara ẹ̀ ló ń wò nínú jígí, àwọn ọmọ ń sá tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ní kó kọjú sí wọn. Ìṣòro tuntun dé, torí tó o bá kọjú sí ọmọ, ọ̀tún tìẹ lòsì tiwọn, ẹnu ẹ á máa sọ pé ọ̀tún, ẹsẹ̀ ẹ á máa gbé òsì, tó o bá gbàgbé, kíláàsì á dàrú bí ọjà tí òjò bá. Ó gbà á tó oṣù méjì kó tó mọ́ ọn lára. Ó máa ń dá a ṣe nílé, ìyá ẹ̀ ní òun rò pé orí ẹ̀ ti ń dàrú, ó ń sọ "ọ̀tún, ọ̀tún" ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì.

A kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ara gbóná: rírìn, fífì apá, kíkúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí òógùn á fi yọ níwájú orí, ogún ìṣẹ́jú, bí òjò tiẹ̀ rọ̀ tí wọ́n pẹ́ dé, ijó là ń dín kù, a kì í dín ìyẹn. Nína ara kéèyàn dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yìn kíláàsì ni, torí tó o bá ṣe é ṣáájú, iṣan á dẹ̀, agbára tí ọmọ fi ń fò á sì dín kù fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ tíṣà máa ń tọ́ka, kì í tẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan ọmọ, á kọ́kọ́ béèrè pé "Ṣé mo lè fọwọ́ kan ejìká ẹ?" ọmọ sì lè sọ pé rárá. Àwọn òbí kan ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ọmọdé ò lẹ́nu níbẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn, mi ò sì yí i padà. A tún lọ gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ àwọn Red Cross, àwa máràrùn-ún, torí ọjọ́ yẹn mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ ká gbé ọmọ náà nílẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bàbá onílù kan, ọmọ Àyàn, tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bàbá á ní kí gbogbo tíṣà jókòó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jó. Á lu ìyáàlù, á dákẹ́, á ní "Kí ló sọ?" Tó ò bá mọ ohun tó sọ, wàá tún jókòó. Ọmọkùnrin wa yìí tó ń jó bàtá tí ayé ń pariwo, ní oṣù méjì àkọ́kọ́ kò dáhùn ẹyọ kan. Ó ní "Bàbá, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n." Bàbá ní, "Ẹnu lo máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Àmọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán ńkọ́? Ibí ló ti máa ń dùn mí. Nínú ìlú wa, tó o bá ní olùkọ́ ijó ni ẹ́, wọ́n á bi ẹ́ pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dìgírì lè lọ Ifẹ̀, Ìbàdàn, Ìlọrin, tàbí Àkùngbá níbí, kó ka eré àti ijó. Royal Academy ní ìwé ẹ̀rí fún tíṣà bálẹ́ẹ̀tì. Zumba tí Beto Pérez láti Kòlóńbíà dá sílẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ́ ìpele àkọ́kọ́ ẹ̀, àmọ́ ìwé àṣẹ náà máa ń tán, èèyàn gbọ́dọ̀ máa sanwó kó tó wà láàyè, torí náà èmi máa ń sọ fún wọn pé ó dáa fún àwọn ìyá tó fẹ́ ṣeré ìdárayá, kò lè sọ ẹ́ di tíṣà ọmọdé. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, Germaine Acogny dá École des Sables sílẹ̀ létí òkun ní Toubab Dialaw, níbi tí àwọn oníjó ti máa ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ìyá yẹn gba ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń pè ní Golden Lion ní Venice ní 2021. Nílé níbí, Hubert Ogunde ló kọ́kọ́ darí National Troupe, ẹgbẹ́ eléré àti oníjó ìjọba àpapọ̀, Kaffy sì jó ju wákàtí 50 lọ ní 2006 tó fi wọ ìwé Guinness, ó sì fi ijó dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara ẹ̀ àtàwọn míì. Mo lẹ orúkọ gbogbo wọn mọ́ ògiri níbi tí àwọn tíṣà ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Orúkọ lára ògiri ò ra gàrí ṣá. 1,500 lọ́nà kíláàsì 12 lóṣù, 18,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ tó bá lọ jó níbi ìgbéyàwó kan ṣoṣo ní Sátidé, á gba 25,000 ní 2022 yẹn, kí wọ́n tó máa náwó lé e lórí. Báwo ni kò ṣe ní sá lọ lóṣù December? Mò ń pè wọ́n ní aláìmoore tẹ́lẹ̀, ó dùn mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù dé 70,000 ní 2024, mo jókòó ṣírò. Mo lè san án fún ẹni méjì, ẹni kẹta ń gba 5,000 fún kíláàsì kan. Mo fi owó kún ti àwọn òbí, ọmọ mẹ́sàn-án lọ. Ẹnì kan nínú àwọn tíṣà mi obìnrin gba Èkó lọ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, mo kọ lẹ́tà fún un, mo sì bá a gbé báàgì dé páàkì, mi ò bá a jà, torí ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ wa ló fi ríṣẹ́ níbẹ̀.

Ọmọkùnrin yìí ò lọ. Ó padà mú kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, èmi wà lẹ́yìn, oṣù mẹ́ta ló tún fi mú un kí n tó jáde nínú yàrá yẹn. Ó ti wọlé sí Akùngbá báyìí, JAMB ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbé e wọlé, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé wá kọ́ wọn. Ó ní ìwé kan tó máa ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, ọjọ́ orí ẹ̀, bó ṣe ga sí, ibi tó ń dùn ún, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wọn gíga wọn mọ́ ara fírémù ilẹ̀kùn. Ọmọ tó bá ga lójijì, ó máa ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹ̀, kò ní jẹ́ kó na ara púpọ̀ láàárín ìgbà yẹn.

Ọmọbìnrin yẹn ò jó mọ́. Ara ẹ̀ ti le, ó ń sáré nílé ìwé, àmọ́ kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́, mi ò sì bi í. Lóṣù tó kọjá ni ìyá ẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá lọ́jọ́ Sátidé, ó di àbúrò ẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ mú, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àyà mi já. Ó kí mi, ó ní ọmọ yìí ló ń da àwọn láàmú pé òun fẹ́ jó. Mo sọ fún un pé èmi fúnra mi ni màá máa kọ́ ọ. Ó wo inú yàrá, tíṣà ti rí i, ó ti dọ̀bálẹ̀ lórí plywood níwájú àwọn ọmọ ẹ̀. Ìyá ní, "Dìde, bàbá." Ó tì ọmọ síwájú sọ́dọ̀ ẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé báàgì lé itan, kò yọ fóònù, ó sì ń wò wọ́n títí kíláàsì fi parí.